Ìdajì Ìjánu

Igi kan wà lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀ nínú Kántà ẹ̀gbọ́n mi. Igi líle ni, wọ́n gbẹ́ ẹ ní igun mẹ́ta. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán nítorí ọwọ́ tó ń gbé e lójoojúmọ́, ẹnu rẹ̀ sì ti họ níbi tí táyà máa ń gùn. Wẹ́jì là ń pè é. Bí ọkọ̀ bá dúró níbi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ́, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ á bẹ́ sílẹ̀, á ki igi náà bọ abẹ́ táyà ẹ̀yìn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹrù. Àwọn tó wọ bọ́lẹ̀kájà rí á rántí pé láyé Bedford onípákó, ọmọ ọkọ̀ tí kò bá ní wẹ́jì lọ́wọ́ kò tíì di ọmọ ọkọ̀. Igi yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi nítorí pé lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, òun nìkan ni bíréèkì tó ṣẹ́kù fún wa, ọwọ́ ọmọ ọdún 19 kan ló sì wà.

Ẹ̀gbọ́n mi ń ta ohun èlò ìkọ́lé ní Ojúrin, ní Akóbọ̀ níbí. Ẹni tó mọ àdúgbò wa mọ̀ pé ilé kíkọ́ kì í sinmi níbẹ̀. Láti Bàṣọ̀run kọjá Jẹ́nẹ́rà Gáàsì títí wọ Olórundá, ibi tí à ń rí oko ẹ̀gẹ́ lánàá ni wọ́n ti ń ta okùn ìpìlẹ̀ lónìí. Òkìtì yanrìn kì í wọ́n lẹ́bàá títì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà inú àdúgbò ò tẹ́jú. Ìbàdàn kúkú ni, ìlú olókè. Bí o bá gun ọ̀kan tán, o gbọ́dọ̀ sọ̀ ọ́.

Mitsubishi Canter àtijọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń gbé ọjà lọ fún àwọn oníbàárà. Ọkọ̀ náà ti ṣiṣẹ́ ní Japan, ó ti jìyà l'Ékòó, kó tó dọ́wọ́ wa. Ó ju dírẹ́bà tó ń wà á lọ lọ́jọ́ orí. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì 70, nítorí àpò 20 ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Àpò 120 là ń kó sí i. Kó lè gbé e, wọ́n ti fi irin kún sípíríǹgì rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n ti fi pákó gíga kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó fi ohunkóhun kún bíréèkì.

Lásìkò òjò ọdún 2016 ni bíréèkì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Bí dírẹ́bà bá tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á fà sápá ọ̀tún. Bó bá la àgbàrá kọjá, kò ní mú rárá títí inú rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí wọ́n kàn lu láínìn tuntun mọ́ ọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Èmi ni mo dá a dúró. Tíṣà físíìsì ni mí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sì ti ń wù mí láti kékeré. Mo sọ fún un pé ohun tó dáa ju dúrọ́ọ̀mù lọ ti wà nígboro tipẹ́, pé dísìkì ni kó jẹ́ ká fi síwájú.

Ó ní kí n ṣàlàyé, mo sì ṣàlàyé. Dúrọ́ọ̀mù dà bí ìkòkò irin tó ń yí pẹ̀lú táyà. Ṣúù méjì tí wọ́n kan láínìn mọ́ wà nínú ìkòkò náà. Bí a bá tẹ bíréèkì, wọ́n á ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á fara ha inú rẹ̀, ọkọ̀ á sì rọra. Bó bá gbóná jù, irin ìkòkò náà á fẹ̀, á sún jìnnà sí láínìn, ẹsẹ̀ awakọ̀ á sì máa wọlẹ̀ sí i. Bí omi bá wọ inú rẹ̀, kò tètè rí ọ̀nà jáde. Dísìkì ní tirẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ bí àwo, ìta gbangba ló ti ń yí. Páàdì méjì ló ń fún un láàárín bí ìgbà tí ìka méjì bá fún etí ọmọ aláìgbọràn. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, ó ń tètè tutù, omi kì í sì í bá a gbé. Níwájú ọkọ̀ ló ti wúlò jù, nítorí ìgbà tí ọkọ̀ bá ń dúró, iwájú ni ìwọ̀n rẹ̀ máa ń rọ́ lọ.

Kò sí irọ́ kankan nínú gbogbo ohun tí mo sọ yìí. Mo tún lè sọ ọ́ lónìí níwájú ẹnikẹ́ni.

A lọ sí ọjà Àràrọ̀mí ní Géètì, a rí áàsù iwájú tòkúńbọ̀ tí wọ́n tú lára Kántà tó jẹ́ tuntun ju tiwa lọ, dísìkì àti kálípà rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹni tó tà á fún wa kì í ṣe oníjìbìtì. Ó gbé másítà tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí táyà, àti búsítà tó ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́, tó jọ wá pẹ̀lú rẹ̀ jáde, ó ní, “Ẹ̀yin ọ̀gá mi, àwọn yìí jọ ń rìn ni o.” Ẹ̀gbọ́n mi wojú mi. Mo gbé másítà náà wò, mo béèrè iye rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju owó 20 àpò sìmẹ́ńtì lọ nígbà náà. Mo ní kó dá a padà. Mo ní másítà tiwa ṣì ń ṣiṣẹ́, pé kí la fẹ́ fi méjì ṣe. Nígbà tá a délé, mẹkáníìkì wa náà béèrè: “Tíṣà, másítà rẹ̀ ńkọ́?” Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo fi dá a lóhùn. Ọmọdé ni sí mi, kò sì fẹ́ jiyàn pẹ̀lú tíṣà. Ó so tuntun mọ́ àtijọ́, ó bu ọ́ìlì sí i, ó lé atẹ́gùn inú páìpù jáde, ó sì fún wa ní kọ́kọ́rọ́.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdùnnú ló gbòde. Dírẹ́bà tẹ bíréèkì ní Jẹ́nẹ́rà Gáàsì, ọkọ̀ sì dúró gbọn-in. Ó wá bá mi nílé láti dúpẹ́. Ó ní, “Tíṣà, ó mú! Ó mú gan-an ni!” Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ fara balẹ̀ gbọ́. Nígbà tí bíréèkì wa kò dáa, ìbẹ̀rù ń bẹ lára gbogbo wa. Dírẹ́bà ń fi jíà kejì sọ̀ òkè, ẹ́ńjìnnì sì ń bá a fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ó ń fi àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀ iwájú. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń pín ẹrù tó bá pọ̀ jù sí ẹ̀ẹ̀mejì. Gbàrà tí a gbà pé bíréèkì ti di tuntun, ìbẹ̀rù náà lọ. Àpò 120 di 130. Dírẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jíà sí fíríì bó bá ń sọ̀kalẹ̀, kí ó lè fi dísù pamọ́. Ibi tó ń gbà ní 30 kìlómítà ní wákàtí kan, ó ń gbà á ní 60. Ọdọọdún ni mo ń kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ SS2 pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ sọ di ooru kí ọkọ̀ tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Mo mọ̀ ọ́n lórí pátákó. N kò wò ó lẹ́sẹ̀ dírẹ́bà wa.

Bíréèkì náà bá wa sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tó sọ tí a kò gbọ́. A kàn ń túmọ̀ rẹ̀ sí ohun tó wù wá ni. Òórùn kan ń jáde níwájú bí ìgbà tí irun bá jó. Mo ní páàdì tuntun ló ń fara mọ́lé. Dírẹ́bà ní, “Tíṣà, ọkọ̀ yìí ń wúwo. Bí mo bá yọ jíà, kò yí lọ bó ṣe máa ń yí.” Mo ní kó wo ẹrù tó ń kó. Dísù tí a ń rà pọ̀ sí i. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ń fọ táyà iwájú, omi tó dà sí i hó ṣàà, èéfín funfun sì gbé e. Ó pè mí kí n wá wò ó. Mo wò ó, mo ní ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń bọ̀. Bodija ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n lọ kó pákó ni. Èyí tó yẹ kí ó ta mí jí jù lọ ni pé láàárọ̀, bíréèkì náà le lẹ́sẹ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, dírẹ́bà á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó mú. Ẹni tí bíréèkì rẹ̀ bá ń le láàárọ̀ tó sì ń rọ̀ lọ́sàn-án, kó má ṣe gbé ọkọ̀ náà jáde mọ́.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹsàn-án ni. Òjò ti dá. Wọ́n kó sìmẹ́ńtì lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ da dẹ́kì lẹ́yìn Ojúrin, ó sì jẹ́ ìrìn kẹrin lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà ibẹ̀ gun òkè díẹ̀, ó wá sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dé ibi tí ilé kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ odi yí ká wà. Dírẹ́bà sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé nígbà tí òun kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ òun kàn wọlẹ̀ lọ ràì, kò bá ohunkóhun pàdé. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ilẹ̀ ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bá. Ó fa áńbíréèkì. Okùn rẹ̀ ti já láti ọdún tó ti pẹ́, kò sì sẹ́ni tó kà á sí. Ó bá jíà jà, irin ń ké kíkankíkan, ó wá rí jíà kejì há, ọkọ̀ fà sẹ́yìn, eré rẹ̀ sì dín kù díẹ̀.

Díẹ̀ yẹn ni ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rí. Ó ti wà lórí àpò sìmẹ́ńtì pẹ̀lú wẹ́jì lọ́wọ́, nítorí ó mọ̀ pé wọ́n ti fẹ́ débẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti ọjọ́ tó ti dé ìdí iṣẹ́ náà ni pé bí ọkọ̀ bá fẹ́ lọ, kó fi igi dá a dúró. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó sáré tẹ̀ lé ọkọ̀, ó ju igi náà síwájú táyà ẹ̀yìn. Táyà gùn ún, igi náà yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ó fò sọnù, táyà sì gba orí ẹsẹ̀ ọ̀tún ọmọ náà kọjá. Kántà náà sáré wọ òkìtì yanrìn, ó wó odi tuntun yẹn lulẹ̀, ó wá dúró. Dírẹ́bà jáde láìfarapa. Àpò sìmẹ́ńtì ló bo ojú ọ̀nà.

Ẹsẹ̀ ọmọ náà dá ní ibi méjì. Ó lé lóṣù mẹ́ta tí a fi gbé e kiri fún ìtọ́jú. Ìyá rẹ̀ ti abúlé wọn wá, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, èmi náà dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí a dìde, ó sì bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tó jẹ́ ọmọ mi ló ń dá ọkọ̀ dúró?” N kò rí èsì fún un. Mo ti wá èsì sí i láti ọdún náà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

A wọ́ ọkọ̀ náà lọ sí abúlé mẹkáníìkì, sọ́dọ̀ àgbà kan tó jẹ́ pé bíréèkì nìkan ló fi ń jẹun. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ fẹnu ara rẹ̀ rojọ́.” Ó tú táyà iwájú. Dísìkì náà ti di aláwọ̀ aró, páàdì rẹ̀ sì ti gbẹ, ó ń bó bí èépá igi. Ó fi ṣíbí bu ọ́ìlì bíréèkì inú ike, ó dúdú bí àgbo. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀, ó wá nawọ́ sí másítà.

Àlàyé tó ṣe fún mi lọ́jọ́ náà rèé. Nínú ọ̀pọ̀ másítà tí wọ́n ṣe fún dúrọ́ọ̀mù, fáàfù kékeré kan wà tí kì í jẹ́ kí gbogbo agbára ọ́ìlì padà tán nígbà tí awakọ̀ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ó máa ń dá díẹ̀ dúró nínú páìpù kí rọ́bà inú rẹ̀ má baà fa atẹ́gùn wọlé. Díẹ̀ yẹn kò ṣe dúrọ́ọ̀mù ní nǹkan, nítorí sípíríǹgì líle ló ń fa ṣúù padà sáàyè rẹ̀. Dísìkì kò ní irú sípíríǹgì bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ yẹn tó láti mú kí páàdì máa fara ha á láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, bóyá awakọ̀ tẹ bíréèkì tàbí kò tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń wúwo, tí dísù fi ń tán, tí omi fi ń hó lára táyà. Bíréèkì wa kò sinmi rí láti ọjọ́ tí a ti so ó.

Ooru náà wá wọ inú ọ́ìlì. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ bí iyọ̀ ṣe ń fa omi lásìkò òjò. Èyí tí wọ́n kọ DOT 3 sára agolo rẹ̀, bó bá jẹ́ tuntun, kò gbọ́dọ̀ hó kí ooru tó dé 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá ti fa omi mu, ó lè hó ní 140. Tiwa ti lo ọdún mélòó kan nínú ọkọ̀, òkè rẹ̀ nìkan là ń bù kún. Bó bá sì ti hó, ó di èéfín. Ọ́ìlì kì í ṣeé fún, òun ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ dé táyà. Èéfín ṣeé fún bí bàlúù ọmọdé. Ẹsẹ̀ wọlẹ̀ lọ ràì. Bó bá tutù tán ní òwúrọ̀, èéfín á tún padà di ọ́ìlì, bíréèkì á le, oníkálukú á sì rò pé ó ti sàn.

Mo bi í pé bí iwájú bá tiẹ̀ lọ, ṣebí ọ̀nà méjì ni ọ́ìlì ń gbà, ṣebí ẹ̀yìn yẹ kó mú. Kò dá mi lóhùn. Ó tú táyà ẹ̀yìn lápá òsì, ó ní kí n wá fọwọ́ kan páìpù rẹ̀. Wọ́n ti ká a lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì fi òòlù lù ú pa. Ẹnìkan, nígbà kan tí a kò mọ̀, ti rí i pé ọ́ìlì ń jò níbẹ̀, dípò kó pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀, ó dí i, ó bò ó padà, ó sì gba owó iṣẹ́. Lápá ọ̀tún, láínìn ti jẹ tán, ìṣó ló ń ha irin. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni Kántà wa ní. Iwájú ti hó, ọ̀kan lẹ́yìn ti kú, ìkejì ń ṣàìsàn. Lórí òkú àti aláìsàn yìí ni mo ti lọ ra dísìkì. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èmi fi í sílẹ̀, mo sì na owó lórí làpálàpá náà.

Àgbà náà nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Ìjánu tuntun lẹ rà fún ẹṣin, okùn tó ti jẹrà lẹ fi so ó. Ẹlẹ́ṣin tó mọ̀ pé okùn òun ti jẹrà á rọra gùn ún. Ẹni tí ìjánu tuntun ń dán lójú rẹ̀ ló máa sáré.”

Mo ti ka ìròyìn púpọ̀ nípa ọkọ̀ ẹrù láti ìgbà náà, mo sì ń kà á bí ẹni tó mọ inú rẹ̀. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan pàdánù ìjánu lórí afárá Ọ̀tẹ́dọlá lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ó kéré tán, èèyàn 9 ló bá a lọ, ọkọ̀ tó lé ní 50 sì jóná. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, òmíràn ṣe bẹ́ẹ̀ ní Felele, ní Lọ́kọ́jà, èèyàn 23 kú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn. Kò pé oṣù márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ ẹrù kan ya wọ àárín èèyàn ní Akùngbá-Àkókó, nítòsí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, ó sì tún pa akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, gbólóhùn kan náà là ń gbọ́: bíréèkì rẹ̀ ló já. À ń sọ ọ́ bí ìgbà tí okùn bá ṣàdédé já lọ́wọ́ ẹni, bí ìgbà tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀. N kò mọ inú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn, n kò sì ní dá ẹjọ́ wọn. Tiwa kò ṣàdédé já. Ó fi ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà kéde ara rẹ̀ ní òórùn, ní ooru, ní ìwúwo, lẹ́nu dírẹ́bà, lẹ́nu ọmọ tó padà fi ẹsẹ̀ rẹ̀ san án.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí ló kọ́kọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1977, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀ lọ́dún 1988, tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tó dúró lẹ́bàá títì, ìwé ló lè yẹ̀ wò, iná àti ojú táyà ló lè rí. Kò lè rí páìpù tí wọ́n ká pa nínú táyà. Ẹni tó ni ọkọ̀ nìkan ló lè béèrè.

Orúkọ Ojúrin wa yìí, ojú irin rélùwéè ni mo máa ń rántí bí mo bá gbọ́ ọ. Nínú ọ̀rọ̀ bíréèkì, àwọn onírélùwéè ti ṣáájú wa jìnnà. Ọdún 1869 ni George Westinghouse ní Amẹ́ríkà gbé bíréèkì atẹ́gùn rẹ̀ jáde fún rélùwéè. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe, bí páìpù bá bẹ́, bíréèkì lọ nìyẹn. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lọ́dún 1872 ó yí i po: atẹ́gùn inú páìpù ló wá ń dá bíréèkì dúró kó má mú, bí páìpù bá bẹ́ tàbí bí ọkọ̀ bá já kúrò lára èkejì, bíréèkì á mú fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tírélà ńlá tó ń lo atẹ́gùn lóde òní ń lo irú ọgbọ́n yìí: bí atẹ́gùn bá tán, sípíríǹgì á di táyà mú. Kántà wa àti irú rẹ̀ tó ń lo ọ́ìlì kò ní àǹfààní yẹn. Bí ọ́ìlì rẹ̀ bá jò tàbí tó hó, kò sí ohun tó ń dúró dè é lẹ́yìn àfi áńbíréèkì, jíà, àti ọmọ tó gbé igi lọ́wọ́.

Àgbà náà fún ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀nà méjì. Ó ní bó bá jẹ́ dísìkì ló fẹ́, kó ra gbogbo ohun tó ń bá a rìn, másítà, búsítà, páìpù, títí dé fáàfù tó ń pín agbára láàárín iwájú àti ẹ̀yìn. Bí kò bá lè ra gbogbo rẹ̀, kó padà sí dúrọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n kó jẹ́ dúrọ́ọ̀mù tó pé. Ẹ̀gbọ́n mi kò wojú mi lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní dúrọ́ọ̀mù. Láínìn rẹ̀ wà ní Géètì, àwọn tó ń lù ú mọ́ ṣúù wà níbẹ̀, mẹkáníìkì tó bá ṣí i láàjìn á mọ ohun tó ń wò. Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n fa páìpù tuntun láti orí dé ìdí, wọ́n da ọ́ìlì àtijọ́ nù pátápátá, wọ́n so okùn áńbíréèkì tuntun. Mo bi àgbà náà nípa omi ọṣẹ tí àwọn kan ń bù sínú ike bí ọ́ìlì bá tán lójú ọ̀nà, àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí àwọn mìíràn ń dà sí i. Ó ní omi á hó ní 100, á sì dípẹtà sínú irin. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á mú kí rọ́bà wú, á sì jẹ ẹ́ rà. Ó ní kí ẹni tí ọ́ìlì bá tán fún páàkì ọkọ̀ rẹ̀, kó wá ọ́ìlì lọ.

Owó gbogbo àtúnṣe yẹn kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí a ná sórí ẹsẹ̀ ọmọ náà àti odi tí a wó. Kó tún wá jẹ́ pé ẹsẹ̀ náà kò padà bọ̀ sípò bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó kúrú díẹ̀, ó ń tiro. Nígbà tó lè dìde, ẹ̀gbọ́n mi bi í pé iṣẹ́ wo ló fẹ́. Ó ní òun fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àgbà tó tú bíréèkì yẹn. Ọdún mẹ́rin ló lò níbẹ̀ kó tó gba ìdáǹdè.

Ẹ̀gbọ́n mi ta Kántà náà lọ́dún 2021. Oníbàárà kan wá láti Mọ́nátán, ó fẹ́ fi gbé bulọ́ọ̀kù. Ó yí ọkọ̀ náà po, ó tẹ sípíríǹgì wò, ó ní kí a ta ẹ́ńjìnnì jí, ó dẹtí sí i, ó wo èéfín rẹ̀. Ó béèrè iye ẹrù tó lè gbé. Ó béèrè bóyá ó ń jẹ ọ́ìlì. Ó ti na ọwọ́ sápò owó kí ọmọ wa tó tiro jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kún fún gíríìsì. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀.

“Ẹ gòkè, sà,” ló wí. “Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ mú ẹsẹ̀ dúró lórí rẹ̀. Bí mo bá ta ẹ́ńjìnnì jí, ó yẹ kó wọlẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, kó sì dúró síbẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, a ó jọ tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ fojú ara yín rí páìpù rẹ̀.”